Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Oníṣòwò Múṣin? Ẹ̀kọ́ Gíga Nínú Òfin Ìṣòwò Àgbáyé àti Bí Ó Ṣe Kan Olùgbé Èkó

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Ìjọba Àpapọ̀ ti ẹnubodè tó wà láàrin Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan ti ṣe àdéhùn láti lọ ra ọjà ní Bẹ̀nẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Nígbà tí ọ̀nà dí, àdéhùn náà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò gba kámú. Ó gba Ilé-Ẹjọ́ àjọ ECOWAS lọ, ó ní ìjọba orílẹ̀-èdè òun ti tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú mọ́lẹ̀, ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà àti láti kó ọjà kọjá, èyí tí àdéhùn ECOWAS fún gbogbo ará ìlú tó wà nínú àjọ náà. Ẹjọ́ yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ sí ẹjọ́ Afolabi, ni àkọ́kọ́ tí ilé-ẹjọ́ náà dá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2004, àwọn adájọ́ fèsì pé àwọn kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ, nítorí pé òfin ilé-ẹjọ́ náà nígbà yẹn kò gba ẹnikẹ́ni nínú ará ìlú láàyè láti dá pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ará ìlú bá ní ẹ̀dùn ọkàn, kí ìjọba rẹ̀ bá a gbé e wá. Ìjọba rẹ̀ náà sì rèé, òun ni ó ń pè lẹ́jọ́!

Ìdájọ́ náà mú ìyípadà wá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS tún òfin ilé-ẹjọ́ náà ṣe, ilẹ̀kùn sì ṣí fún ará ìlú, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ti owó ibodè, ìdènà ọjà, àti ìwé tí aṣọ́bodè kọ̀ láti gbà, ọwọ́ ìjọba ni ó ṣì wà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n tún ti ẹnubodè, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti ẹnubodè mẹ́ta mìíràn padà. Oṣù mẹ́rìndínlógún gbáko ni. Ìjọba Àpapọ̀ sọ ìdí tirẹ̀: ìrẹsì onífàyàwọ́, ohun ìjà, àti epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó jáde lọ tà. A kò sọ pé ìdí wọ̀nyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ bófin mu, tó sì há sí ọ̀nà Àgbádárìgì, ṣòro fún láti rí ẹni tí yóò là á yé e ohun tí àdéhùn fún un ní ẹ̀tọ́ sí àti ọ́fíìsì tó yẹ kí ó kọ̀wé sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi wọ inú àkòrí tòní. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti gboyè òfin ní Sùúrùlérè, Yába àti Múṣin ń bèèrè bóyá ó yẹ kí àwọn tẹ̀ síwájú sí oyè LL.M. tàbí Ph.D. nínú òfin ìṣòwò láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn òbí tí yóò sanwó náà ń bèèrè. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé oyè náà gbayì. Iyì nìkan kò tó gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò ni pé nínú òfin yìí, ìjọba nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ohùn oníṣòwò Ládípọ̀ yóò bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu, ó di dandan kí ẹni tó gbọ́ èdè òfin náà wà láàrin òun àti ìjọba. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láàrin wa, a sì ti fara gbá àìpọ̀ wọn.

Ẹ̀kọ́ òfin kì í ṣe àlejò ní agbègbè wa. Nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí Àkókà. Òfin wà lára ẹ̀ka mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ okòwò òun àwùjọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà ní láti rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba. L. C. B. Gower, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé rẹ̀ lórí òfin ilé-iṣẹ́ okòwò lókìkí, ni olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka òfin náà. Ní ọdún 1966, ipò náà bọ́ sọ́wọ́ Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1914, tí wọ́n ti gba Ph.D. nínú òfin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1949. Wọ́n ti jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́ láti ìgbà òmìnira. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 1972, wọ́n sì jẹ́ Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague láti ọdún 1982 sí 1985. Kí òmìnira tó dé ni wọ́n ti kàwé nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn ṣe àdéhùn, ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi rí ẹni gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ dé.

Kí gan-an ni wọ́n ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí? Ọ̀nà méjì ló pín sí, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ọ̀nà kan jẹ́ ti ìjọba sí ìjọba: owó ibodè, ìwé àṣẹ, ìlera ohun jíjẹ, owó ìrànwọ́ tí ìjọba kan ń fún àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ tí ó sì ń pa àgbẹ̀ ìlú mìíràn lára. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti oníṣòwò sí oníṣòwò: títà, rírà, ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi, owó láti báǹkì sí báǹkì, àti bí a ṣe ń parí ìjà bí ó bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà kejì, nítorí pé òun ló sún mọ́ ìsọ̀. Ká ní oníṣòwò kan ní Ládípọ̀ ra ẹ́ńjìnnì ogójì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní òkèèrè. Kọ̀nténà dé Àpápá, ó ṣí i, ó sì bá ẹ́ńjìnnì mẹ́rìndínlógún tí kò wúlò fún ohunkóhun. Ìwé iye ọjà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ní ìlà kékeré kan ní ìsàlẹ̀: ìjà yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ adájọ́ àdáni, ìyẹn àwọn tí olùtà àti olùrà yàn láti parí ìjà níta ilé-ẹjọ́, ni yóò parí rẹ̀ ní ìlú olùtà, lábẹ́ òfin ìlú olùtà. Ó ti fọwọ́ sí i láìkà á. Láti ọdún 1970 ni Nàìjíríà sì ti wọ àdéhùn New York ti ọdún 1958, èyí tó ní kí ilé-ẹjọ́ wa mú ìdájọ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ níbí. Bí oníṣòwò wa bá pe olùtà lẹ́jọ́ sí Ìkẹjà, ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò olùtà yóò nawọ́ sí ni ìlà kékeré náà. Lọ́yà tó kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa yóò ti sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀: kí ẹ bá wọn dúnàádúrà pé Èkó ni ìgbẹ́jọ́ yóò ti wáyé, kí báǹkì má ṣe san owó tó kù àfi bí ìwé àyẹ̀wò ẹrù bá wà lára àwọn ìwé tí olùtà mú wá, kí a kọ ọ́ kedere ìgbà tí ewu ẹrù kúrò lọ́rùn olùtà. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, owó rẹ̀ kò sì tó owó ẹ́ńjìnnì kan.

Ọ̀nà ti ìjọba sí ìjọba jìnnà sí ìsọ̀ lójú, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró pé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju míligíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan, èyí tí wọ́n bá sì tó 4.6 nínú àwọn kan. Wọ́n sún ìfòfindè náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti àgbẹ̀ àti ti olùtọ́jú àká kí ó tó jẹ́ ti lọ́yà. Síbẹ̀, òfin Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìyẹn WTO, ní àlàyé lórí bí orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá ọjà rẹ̀ dúró ṣe lè bèèrè ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, bí ó ṣe lè fi hàn pé agbègbè kan tàbí àwọn olùtajà kan ti ṣe àtúnṣe, àti bí ó ṣe lè bèèrè ìrànlọ́wọ́ láti tún ibi àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe. Ẹni tó mọ ojú ìwé náà nìkan ló lè lò ó.

Ẹ tún wo òkìríkà, tí ẹni tó bá gba Yába kọjá kò ní ṣàì rí. Òfin ibodè wa ka aṣọ àlòkù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, ibi tí ó ń gbà wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pinnu láti dáwọ́ kíkó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọlé dúró díẹ̀díẹ̀, kí iṣẹ́ aṣọ híhun tiwọn lè gbèrú. Ẹgbẹ́ àwọn olùta aṣọ àlòkù ní Amẹ́ríkà kò pariwo ní òpópónà. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì ìṣòwò ìjọba wọn ní ọdún 2017, wọ́n tọ́ka sí òfin AGOA tí ó fún ọjà Áfíríkà ní ààyè láti wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè, wọ́n sì fi hàn pé ìpinnu náà lòdì sí ìlànà tó wà nínú òfin ọ̀hún. Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà yí ohùn padà. Rùwáńdà dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì pàdánù àǹfààní náà lórí aṣọ ní oṣù Keje ọdún 2018. Ẹnì kan lè sọ pé agbára ni Amẹ́ríkà fi ṣe é, a kò sì ní jiyàn. Ohun tó yẹ kí àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà wa fi sọ́kàn ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ ọjà kan ló mọ òfin tí yóò tọ́ka sí àti ọ́fíìsì tí yóò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ní ìtòsí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ìbátan wa wà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Òwú ni orílẹ̀-èdè náà gbójú lé jù lọ nínú ohun tó ń tà sí òkèèrè. Ní ọdún 2002, Brasil pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní WTO, ó ní owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn olóko òwú rẹ̀ ń ba iye òwú jẹ́ káàkiri ayé. Bẹ̀nẹ̀ àti Chad wọ inú ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹta tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọn kò ní owó tí wọn yóò fi gba agbẹjọ́rò ńlá. Ilé-iṣẹ́ amòfin kan ló bá wọn ṣe é láìgba owó. Wọ́n dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní Geneva, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ìjálẹ̀ iye òwú ń ṣe sí àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju hẹ́kítà díẹ̀ lọ. Ní ọdún 2003, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Burkina Faso àti Mali gbé ọ̀rọ̀ òwú síwájú gbogbo WTO gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀ àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ dá Brasil láre ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005.

Kí a má tan ara wa: Bẹ̀nẹ̀ kò rí owó gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Brasil parí ìjà náà ní ọdún 2014, mílíọ̀nù 300 dọ́là tí Amẹ́ríkà san lọ sọ́dọ̀ àwọn olóko òwú Brasil. Ohun tí Bẹ̀nẹ̀ rí gbà ni pé kò sí ìpàdé ńlá WTO tí wọ́n lè dákẹ́ lórí òwú mọ́. Fún orílẹ̀-èdè tó kéré bẹ́ẹ̀, kò kéré. Nàìjíríà, tó wà nínú WTO láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1995, kò tíì pe orílẹ̀-èdè kankan lẹ́jọ́ níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni Tùnísíà ti pe Mòrókò ní ọdún 2018 nítorí ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé lásán. Ọmọ Nàìjíríà, Ọ̀mọ̀wé Ngozi Okonjo-Iweala, ló ti ń darí àjọ náà láti oṣù Kẹta ọdún 2021. Ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n olùdarí àjọ kò lè bá orílẹ̀-èdè kan ṣe agbẹjọ́rò, àní orílẹ̀-èdè tirẹ̀.

Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ P&ID ni ó fi owó tí àìmọ̀kan lè ná wa hàn jù lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, Ìjọba Àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn ogún ọdún lórí gáàsì, pé kí ó kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa fọ gáàsì sí Kàlàbá. Wọn kò kọ́ ọ rárá. Àdéhùn náà ní kí ìgbìmọ̀ adájọ́ àdáni parí ìjà ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ìlà kékeré tí a rí lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé oníṣòwò Ládípọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ náà ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, pẹ̀lú èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀: èlé nìkan ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú. Nígbà tó fi di ọdún 2023, gbogbo rẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù 11 dọ́là.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ti ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá Nàìjíríà láre. Ó rí i pé ilé-iṣẹ́ náà lo rìbá, ó mú ẹ̀rí èké wá, ó sì di àwọn ìwé àṣírí tó wà láàrin Nàìjíríà àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ mú sọ́wọ́. Nítorí náà, jìbìtì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí a sọ pé àìkàwé ló fà á. Síbẹ̀, adájọ́ náà kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ kún ìdájọ́ rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn ńlá tó kan orílẹ̀-èdè, àti bóyá ìgbìmọ̀ adájọ́ àdáni lè tọ̀nà nígbà tí orílẹ̀-èdè kò bá ní aṣojú tó péye níwájú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìlú fi nílò amòfin tó kọ́ iṣẹ́ yìí dé ìpele gíga, kí ó lọ ka apá ìkẹyìn ìdájọ́ náà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ Àbújá nìyí, kí ló kan Ìpínlẹ̀ Èkó? Lóòótọ́, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìṣòwò pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn sọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n abala kejìlá ìwé òfin kan náà sọ pé àdéhùn tí ìjọba bá ìlú mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nílé àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí kì í ṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Àdéhùn òde òní kì í sì í ṣe ti ẹrù nìkan mọ́. Ó ń kan iṣẹ́ ọwọ́, ìrìnnà, ìrìn-àjò afẹ́, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́, tí ìpínlẹ̀ ń ṣòfin lé lórí. Amòfin tó ń kọ àbá òfin ní Alausa nílò láti mọ ìgbà tí ìlànà kan tí ó dára lójú yóò tako ohun tí orílẹ̀-èdè ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Èkó tilẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ tipẹ́ láti jẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa parí ìjà òwò. Ní ọdún 2002 ni Lagos Multi-Door Courthouse bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2009, ìpínlẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ àdáni, ó sì ṣe èyí tó dá Lagos Court of Arbitration sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin àpapọ̀ tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ àdáni àti ìlàjà jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tó rọ́pò ti ọdún 1988. Ilé ti wà, òfin ti wà. Àwọn olùdájọ́ àti agbẹjọ́rò tí àjèjì yóò fọkàn tán ni yóò mú kí ẹni tó ń tajà láti òkèèrè gbà pé Èkó ni kí ìgbẹ́jọ́ ti wáyé.

Àkókò tí a wà yìí sì ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà kan ṣoṣo ilẹ̀ Áfíríkà, AfCFTA, ní Niamey ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, òwò lábẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2021. Oṣù Keje ọdún 2024 ni ẹrù àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ wa tó gbéra lábẹ́ àdéhùn náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ tẹ àkójọ owó ibodè jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba, èyí tí yóò mú kí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjà tó wà nínú àkójọ náà wọlé láìsan owó ibodè láàrin àwọn tó wà nínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń rán báàgì ní Múṣin. Awọ rẹ̀ láti Kánò, aṣọ inú rẹ̀ láti Ṣáínà, síìpù rẹ̀ láti Ṣáínà. Ṣé báàgì Nàìjíríà ni nígbà tó bá dé Nairobi? Òfin orírun ọjà ni yóò dá a lóhùn, ojú ìwé púpọ̀ ni, ọ̀rọ̀ aṣọ sì wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó rí ojútùú sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yába náà ní tiwọn: ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin tuntun ni gbogbo rẹ̀. Kò sí àgbà lọ́yà tó ti fi ogún ọdún ṣe é, ìyẹn sì jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Níbo ni kí a ti kọ́ ọ? Àkókà wà nítòsí, ó ní LL.M. àti Ph.D. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ ní ẹ̀ka òfin tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí òfin ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ní ọgbà nínú Yunifásítì Èkó. Ní Gúúsù Áfíríkà, Yunifásítì Pretoria ní LL.M. tí wọ́n ṣe fún òfin òwò àti ìdókòwò ní Áfíríkà gan-an. Ní Switzerland, World Trade Institute ní Bern ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Ìlú Ọba ni ọ̀pọ̀ ń wò jù, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣírò kí ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín. Náírà tó wà ní nǹkan bí ₦470 sí dọ́là kan ṣáájú àárín ọdún 2023 kọjá ₦1,400 ní ọdún 2024. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oyè másítà oníyàrá-ìkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ́wọ́ mọ́, bí kì í bá ṣe pé ìjọba ló ń sanwó rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ṣì wà. Ó ń bèèrè ọdún méjì iṣẹ́ kí ẹ tó lọ, ó sì ní kí ẹ padà wá sílé fún ọdún méjì, ó kéré tán. Lójú tiwa, májẹ̀mú ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ìyà.

Ẹni tó bá fẹ́ san owó kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ọdún yẹn gan-an, nítorí orúkọ ẹ̀kọ́ lè wà nínú ìwé kí olùkọ́ rẹ̀ ti lọ. Kí ó bèèrè ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà lórí ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀, àti ohun tí ẹni náà ti kọ. Kí ó bèèrè bóyá wọ́n ń gbẹ́jọ́ àfidánrawò. Bí ìdáhùn bá ń fà, kí ó mú owó rẹ̀ dúró ná.

Ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí a kò lè fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba oyè yìí ń padà sí iṣẹ́ tí kò nílò rẹ̀: ìwé ilẹ̀, ìdá owó gbèsè, ọ́fíìsì báǹkì. Òmíràn ń dúró sí òkèèrè. Bí ẹgbẹ́ ọjà kò bá ń wá wọn, tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba kò sì ní àyè tí wọ́n kọ orúkọ ìmọ̀ yìí sí, ilé-ẹ̀kọ́ yóò kàn máa tẹ ìwé ẹ̀rí ni. Ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìṣòwò àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọjà ńlá wà nínú wọn ní ohun tí wọ́n lè ṣe síi. Kò nílò owó púpọ̀. Amòfin méjì tó mọ àkójọ owó ibodè dunjú, tí wọ́n sì ń jókòó ní ọjà lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, yóò tó láti bẹ̀rẹ̀.

Àǹfààní kan sì wà tí àwọn oníṣòwò kì í sábà lò. Òótọ́ ni pé lábẹ́ AfCFTA, orílẹ̀-èdè nìkan ló lè pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní WTO. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti ṣí ojúlé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tradebarriers.africa, níbi tí oníṣòwò kékeré pàápàá ti lè kọ ìdènà tó bá pàdé ní ẹnubodè sílẹ̀: ọjọ́, ibi, irú ọjà, ohun tí òṣìṣẹ́ náà bèèrè, àti owó tó gbà. Ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀sùn tí kò ní ọjọ́ tàbí irú ọjà kì í lọ síbi kankan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ LL.M. kan láti Àkókà bá jókòó ní Ládípọ̀ tàbí Tẹ́júoṣó fún oṣù mẹ́ta, tó ń bá àwọn oníṣòwò kọ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bó ti tọ́, tó sì ń tọ́ka sí abala àdéhùn tí wọ́n rú, yóò ní ìwé àpilẹ̀kọ lọ́wọ́, aṣojú Nàìjíríà yóò sì ní ẹ̀rí tí yóò gbé kalẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún jókòó ní Accra.